Pẹ́dàlì katakata kékeré ń mú kí ojúgun máa ro mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌgbàẸ̀fọ́, Texas (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilẹ̀ éékà mẹ́fà ni èmi àti ìyàwó mi ń dá nítòsí Houston. Ilá, ewúro, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni a ń gbìn fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ẹ̀fọ́ inú yìnyín ti sú. Ní ọdún tó kọjá ni mo ra katakata kékeré kan, agbára ẹṣin 25, tí ó ní lódà (apá irin tó ní garawa tí a fi ń kó nǹkan) níwájú, tí pẹ́dàlì kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń darí gbogbo ìrìn rẹ̀. Bí mo bá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á lọ síwájú. Bí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, á padà sẹ́yìn. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dúró.

Ohun tí ó gbé mi wá síbí ni pé ojúgun ọ̀tún kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń fi lódà kó ajílẹ̀ láti orí òkìtì lọ sí ìdí ebè, n óò lọ, n óò bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí oòrùn yóò fi wọ̀, ìgbà tí mo bá sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti padà sẹ́yìn ni ìrora náà ń wọlé. Kí wákàtí méjì tó pé, iṣan iwájú ẹsẹ̀ mi á ti le bí igi, ọrùn-ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Lóru, pajápajá á jí mi lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé bí mo bá gba orí ilẹ̀ tó gbún, ara mi á máa fò, ẹsẹ̀ mi á sì máa fò pẹ̀lú rẹ̀ lórí pẹ́dàlì náà, katakata á wá máa ta gìjàgìjà bí ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ìyàwó mi kéré sí tèmi gidigidi. Bí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí pẹ́dàlì, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan ìdí rẹ̀ rárá, àfi kó gbé odindi ẹsẹ̀ sókè kó tó lè fà á sẹ́yìn, èyí sì ń bà á lẹ́rù nígbà tí garawa lódà bá kún.

Mo ti ń rò ó pé kí n pe jórinjórin kó gé pẹ́dàlì náà kó sì tún un tò, kí n sì wá sípíríǹgì tó rọ̀ ju ti àtìbẹ̀rẹ̀ lọ fi sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí kó là mí lóye kí n tó náwó.

Mẹkáníìkì Oko, Georgia

Ẹ kú ìrora o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe jórinjórin, ẹ má sì fọwọ́ kan sípíríǹgì yẹn rárá. Sípíríǹgì náà ló ń dá pẹ́dàlì padà sí àárín bí ẹsẹ̀ yín bá yọ̀, tàbí bí ohunkóhun bá ṣe yín lórí ìjókòó. Bí ẹ bá fi èyí tó rọ̀ rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ tí ẹrẹ̀ bá dì mọ́ ọn díẹ̀ ni katakata yóò kọ̀ láti dúró. N kò lè fara mọ́ ọn, n kò sì ní ṣe é fún oníbàárà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí pẹ́dàlì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ìdajì ìrora yín lè wà níbẹ̀. Pẹ́dàlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì. Ti katakata hydrostatic, irú tiyín yìí tí ipá ọ́ìlì ń yí táyà rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń gbé iná ẹ́ńjìnnì (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó) sókè, tí a sì ń fi í síbẹ̀. Pẹ́dàlì ní tirẹ̀ ń mú awo kan fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì nínú pọ́ǹpù ọ́ìlì. Bí awo náà bá ṣe fì tó ni ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì sí mọ́tò tí ń yí táyà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, ọ́ìlì púpọ̀ á lọ, katakata á yára, ṣùgbọ́n ipá tí ó fi ń ti ẹrù á dín kù. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, á máa rọra lọ, ipá rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Ẹni tó ti wa mọ́tò fún ogún ọdún lè gbọ́ èyí kó sì gbà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè gbà. Bí garawa lódà bá wọnú òkìtì ajílẹ̀ tí katakata sì fẹ́ kọ̀, ẹsẹ̀ á tẹná sí i lójijì. Ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ọ́ìlì tó há sínú pọ́ǹpù á máa ti awo náà padà sí àárín, ẹsẹ̀ yín ni yóò sì máa bá a jà. Ìwọ̀n tí pẹ́dàlì náà fi ń wúwo nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n ṣe dá púpọ̀ nínú wọn nìyẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ lódà ni kí ẹ máa fi jíà L (jíà tó lọ́ra) ṣe, kí ẹ gbé iná ẹ́ńjìnnì sókè ju bí ẹ ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá ń tiraka. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé pẹ́dàlì náà fúyẹ́ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan irin kankan.

Ẹ wá lọ wo ìjókòó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹ sì tẹ pẹ́dàlì síwájú dé òpin. Orúnkún yín gbọdọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ dé òpin: bí itan yín bá gbé kúrò lórí ìjókòó, tàbí bí orúnkún bá fẹ́ kan ìdí sítíárìn, ìjókòó ti sún mọ́ iwájú jù. Ìdáhùn tí mo fẹ́ kí ẹ mú wá nìyẹn: ihò kelòó ni ìjókòó wà, báwo sì ni ẹsẹ̀ ṣe rí ní ìpẹ̀kun méjèèjì?

Lẹ́yìn náà, ẹ wólẹ̀ kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ pẹ́dàlì. Koríko, ẹrẹ̀ gbígbẹ àti okùn ilá máa ń kó jọ síbẹ̀ títí tí yóò fi dí i lọ́wọ́. Ẹ mi pẹ́dàlì náà sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá ń mì jẹkẹjẹkẹ, búṣì ojú ìyípo rẹ̀ ti jẹ. Bí ihò gírísì bá wà níbẹ̀, ẹ fún un ní gírísì. Àwọn katakata mìíràn tún ní dáńpà kékeré kan, tó jọ ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá pẹ́dàlì kí ìrìn rẹ̀ má baà le jù. Bí dáńpà yẹn bá ti kú, pẹ́dàlì á máa fò padà lójijì, katakata á sì máa ta gìjà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Olóko, Maryland

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni tèmi; mo fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ojúgun ni ó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tí a bá ń rìn, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: ó ń gbé ẹsẹ̀ kí ọmọ ìka má baà kọlẹ̀, ó sì ń sinmi. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, èyí tí a fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, nípọn jù ú lọ púpọ̀. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń ṣe, bàbá: ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹ ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè kí ó má baà tẹ pẹ́dàlì síwájú, ẹ sì ń dì í mú bẹ́ẹ̀ títí katakata yóò fi padà débi tí ẹ fẹ́. Iṣan kékeré ni ẹ ń fún ní iṣẹ́ alábàárù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí bí kò ṣe ní le.

Bí ibi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀ bá ga díẹ̀ sí i, kò ní sí ìdí láti gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo fara mọ́ kí ẹ fi nǹkan kún ìdí pẹ́dàlì náà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ẹ má ṣe kó ajílẹ̀ fún wákàtí méjì láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, ẹ rìn yí katakata po, ẹ na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ yí ọrùn-ẹsẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹ máa mu omi pẹ̀lú, nítorí ooru Texas ń fa omi ara gbẹ, iṣan tó sì rẹ̀ tí kò rí omi tètè máa ń dì pajápajá.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò. Bí ìrora náà kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà sì ń dùn yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà nídìí irú èyí, pàápàá fún ẹni tó ń jókòó pẹ́.

Oko Òkè Ògùn, Ìsẹ́yìn

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ń lo pẹ́dàlì tó ń lọ síwá sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti àwa tí ń wa tòkunbọ̀ ilẹ̀ Japan, irú èyí tí ó ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ òsì àti bíréèkì méjì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ń kà á láìsọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wa nílé.

Itan òsì ni ó ń dun àwa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wúwo débi pé ọmọ iṣẹ́ mi máa ń dìde dúró kó tó lè tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. A rò pé bí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Àṣé ojú ìyípo pẹ́dàlì náà ti dípẹtà láti inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá. A yọ ọ̀pá náà jáde, a fi pépà oníyanrìn ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, a fi gírísì tuntun sí i, a sì tò ó padà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò dìde mọ́.

Àyè òfo pẹ́dàlì tún ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí pẹ́dàlì máa ń rìn kí ó tó kan iṣẹ́. Ìwé ìlò tèmi ní kí ó wà láàárín 20 sí 30 mm. Bí kò bá sí àyè rárá, bíárìn inú kílọ́ọ̀ṣì á máa yí nígbà gbogbo bí ẹni pé ẹnìkan gbé ẹsẹ̀ lé e, á sì jẹ kíákíá. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní yọ tán, jíà á máa ké. Àwọn awakọ̀ wa tó ti wa dánfó rí ni kí ẹ kíyè sí jù lọ, nítorí wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìmọ̀. Mo ní kí wọ́n kan pákó kékeré kan mọ́ orí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹsẹ̀ láti sinmi lé. Owó tí pákó náà ná mi kò tó ti gàrí ọ̀sán.

Ti bàtà, ojú mi ti rí i. Ọmọ iṣẹ́ kan wọ sílípáàsì wa katakata lórí ibi tó dàgẹ̀rẹ̀ sí odò. Rọ́bà sílípáàsì náà ti jẹ níwájú, etí rẹ̀ yí kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì há sáàárín pẹ́dàlì bíréèkì àti irin ìtẹ̀sẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, bíréèkì kò lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ohun ìtúlẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn: ó jù ú sílẹ̀, ó wọlẹ̀, ó sì fà wọ́n dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí omi. Mo ṣì ń rí sílípáàsì aláwọ̀ ewé náà bí ó ṣe ká bí ewé mọ́ínmọ́ín. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ kò gun katakata mi, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú mi.

Ẹ má sì gbàgbé pé bíréèkì méjèèjì gbọdọ̀ wà ní síso pọ̀ bí ẹ bá jáde sí títì. Yíyà ni a ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú oko kí katakata lè yí ní òpin ebè. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo lórí eré, katakata á yí lójijì, ó sì lè dojú dé.

Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Òtútù, Minnesota

N kò ní pẹ́ lórí ti òtútù, nítorí ẹni tó béèrè kò sí níbi tí yìnyín ń bọ́ bíi tiwa. Bí ọ́ìlì bá tutù, ó máa ń ki, pẹ́dàlì á sì máa lọ́ra kí ó tó wá fò lójijì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ooru, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì àti fílítà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò ní kí a pààrọ̀ fílítà àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 50, àwọn ènìyàn a sì máa gbàgbé.

Ìbéèrè kejì yín, ti ẹsẹ̀ tó ń fò lórí ilẹ̀ gbúngbùn, ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn, nítorí òun ni ó yọ mí lẹ́nu jù. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò, ara yín á lọ síwájú, ẹsẹ̀ yín á tẹ pẹ́dàlì sí i. Katakata á fò síwájú, ara yín á wá ṣubú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á dẹ̀, katakata á fẹ́ dúró, ara yín á tún lọ síwájú. Ẹ rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ̀n yín mọ́; ẹ̀yin àti pẹ́dàlì ti ń ti ara yín. Bí ẹ bá sì ti ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ṣàtúnṣe, ṣe ni ó ń burú sí i.

Ohun tó gbà mí ni ibi tí ẹsẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ tì. Irin gíga tó bo jíà wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì lórí tèmi, mo sì lẹ fóòmù tó nípọn bí àtàǹpàkò mọ́ ọn lára ní ìhà ọ̀tún. Bí mo bá dé ilẹ̀ gbúngbùn, n óò fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tì í, kí ẹsẹ̀ lè máa bá ara katakata rìn dípò kó máa bá ara mi rìn. Lẹ́yìn náà ni mo wo abẹ́ ìjókòó. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí a ń yí sí ìwọ̀n ara ẹni tó jókòó, ẹni tó ta á fún mi kò sì sọ fún mi rí. Wọ́n ti yí i sí ti ẹni tó sanra jù mí lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí ìjókòó fi le bí àpáta.

Bí katakata yín bá ní ọ̀pá kékeré tí ń di pẹ́dàlì mú síbi tí a bá fi í sí, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá ń gé koríko lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò pé bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ń jọ̀wọ́ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí i lára tiyín, ẹ má fi okùn so pẹ́dàlì, ẹ má sì fi igi há a.

Jórinjórin, Ìlọrin

Èmi tí wọ́n ní kí ẹ má pè ti dé o, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ohun tí mẹkáníìkì wí pátápátá. Pẹ́dàlì tí a bá gé, tí a sì jó padà níbi tí kò yẹ, lè ya lábẹ́ ẹsẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kò rò. Ohun tó sàn jù ni kí a fi ohun tí a lè tú kúrò kún un.

Ẹ wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó fẹ̀ bíi ìdí pẹ́dàlì. Ẹ fi bóòtù méjì dè é mọ́ ìdí náà, kí ẹ sì lo nọ́ọ̀tù tí ń dì mọ́ra, irú èyí tí kì í tú bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ga, ẹ fi rọ́bà táyà tó nípọn sí àárín irin méjèèjì. Ó ń gba ìgbọ̀nrìrì pẹ̀lú. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ fi páálí gé àpẹẹrẹ rẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dàlì, ẹ jókòó, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa. Páálí yóò sọ fún yín ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ẹni tí kò fi páálí dán an wò yóò lu ihò lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣìnà nìyí: pẹ́dàlì tí ẹ ti fi nǹkan kún ìdí rẹ̀ gbọdọ̀ lè dé òpin ìrìn rẹ̀ láìkan irin ìtẹ̀sẹ̀. Bí ó bá kan án, ẹ kò ní rí gbogbo eré ẹ̀yìn. Bí etí rẹ̀ bá sì lè há sábẹ́ nǹkan, ó burú ju ìrora ẹsẹ̀ lọ. Ẹ fi ìka méjì wọn àyè tó kù lábẹ́ rẹ̀. Irin náà kò sì gbọdọ̀ gùn jáde sí ẹ̀gbẹ́ débi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun òkè lè tẹ̀ ẹ́ ní àṣìṣe.

Tí ó bá jẹ́ dandan pé kí ẹ jó nǹkan lára katakata, ẹ tú wáyà bátìrì kúrò kí iná tó kan irin. Kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, mo máa ń jó àmì ródù kéékèèké sójú irin náà kó rí gbágungbàgun kí n tó dè é mọ́ ọn. Bàtà tó lẹ́rẹ̀ pàápàá kì í yọ̀ lórí irú rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gbà, Maryland

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn, nítorí ọkùnrin ni ó pọ̀ nínú ìjíròrò yìí, ẹsẹ̀ ọkùnrin sì ni ẹni tó ṣe púpọ̀ nínú pẹ́dàlì wọ̀nyí ń rò.

Bàtà mi kò ju nọ́ńbà 37 lọ. Katakata tí mo kọ́kọ́ lò jọ ti ọgbà yín, pẹ́dàlì kan tí ń lọ síwá sẹ́yìn. Kí gìgísẹ̀ mi lè dé ìdí rẹ̀, mo ní láti jókòó sí etí ìjókòó, ẹ̀yìn mi kò wá rí ibi tì, sítíárìn sì ń kàn mí nínú. Nígbà tí mo rà á tán ni mo mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, mo wọ bàtà oko mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, mo gun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń lọ síwájú, mo ń padà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ John Deere máa ń fi pẹ́dàlì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àwọn kékeré tirẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Kubota sì fi pẹ́dàlì kan tí a ń fi ìka àti gìgísẹ̀ tẹ̀ sórí púpọ̀ nínú tirẹ̀. Èmi mú oní-méjì, nítorí gìgísẹ̀ mi lè jókòó sílẹ̀ nígbà tí iwájú ẹsẹ̀ ń yí láti ọ̀kan sí èkejì. Ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní bàtà òun ń tẹ méjèèjì pọ̀. Ara wa kò dọ́gba, kò sì sí ẹni tó ṣìnà nínú àwa méjèèjì.

Fún ìyàwó yín, kí ẹ tó fi irin kún ìdí pẹ́dàlì, ẹ wá ìrọ̀rí líle tí a lè dè mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ìdí rẹ̀ lè sún síwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì ní ibi tì. Ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìdí rẹ̀. Síwíìsì kan wà lábẹ́ ìjókòó tí ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wà á bá ṣubú, ìrọ̀rí sì lè mú kó ṣe ségesège. Mo mọ àwọn tó fi wáyà dí síwíìsì yẹn nítorí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, nítorí Ọlọ́run. Kí ó sì máa de bẹ́líìtì nígbà gbogbo tí irin ààbò ẹ̀yìn, èyí tí ń dáàbò bo awakọ̀ bí katakata bá dojú dé, bá wà ní ìnàró.

ỌgbàẸ̀fọ́, Texas

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣaláìrí ẹni gbà yín nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì fẹ́ jábọ̀ ohun tí mo rí.

Ìjókòó wà ní ihò àkọ́kọ́, níwájú pátápátá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé katakata náà wá. Mo ń wà á bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan. Mo sún un sẹ́yìn ní ihò mẹ́ta, orúnkún mi sì rí àyè. Nígbà tí mo dojú kọlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo bá òkúta ẹrẹ̀ kan lábẹ́ ìdí pẹ́dàlì, tó le bí sìmẹ́ńtì, tó sì tóbi tó ẹyin adìẹ, okùn ilá sì ti wé ojú ìyípo rẹ̀ yípo yípo. Mo fi sùkúrú-dúráfà gbẹ́ ẹrẹ̀ náà jáde. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń tẹ pẹ́dàlì dé òpin ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ yẹn ni mo ń tẹ̀. Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi gírísì sí i.

Jíà L àti iná ẹ́ńjìnnì gíga ni ó yà mí lẹ́nu jù. Mo máa ń lo jíà òkè kí iṣẹ́ lè tètè parí, mo sì ń gbé iná sílẹ̀ kí epo má baà jó. Ní báyìí, bí garawa bá wọnú òkìtì, mo ń dẹ ẹsẹ̀, mo ń gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì ń yí padà, òkìtì náà ń ṣí lójú mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojúgun ṣì máa ń rántí mi ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n pajápajá òru ti lọ. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí nọ́ọ̀sì ṣe wí.

Mo gé páálí fún ti ìyàwó mi, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì lẹ̀ ẹ́. Páálí àkọ́kọ́ kan irin ìtẹ̀sẹ̀. Èkejì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kún ìdí pẹ́dàlì síwájú, ó sì gbé e ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì bà lé e láìgbé iwájú ẹsẹ̀. Jórinjórin kan níhìn-ín bá wa gé irin rẹ̀, bóòtù méjì ni a fi dè é. Ìbéèrè kan ló kù: ó ha yẹ kí n máa tú irin náà kúrò nígbà tí èmi bá fẹ́ wà á, tàbí kí n fi í sílẹ̀?

Mẹkáníìkì Oko, Georgia

Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, bí bàtà yín bá ṣì rí àyè níwájú tí ẹ kò fi tẹ ẹ̀yìn láìmọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi gbangba ní jíà L, jìnnà sí ilé àti sí ènìyàn. Ẹ tún bóòtù méjèèjì dè kó le lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan kọjá orí nọ́ọ̀tù àti irin. Bí ìlà náà bá yà, ẹ mọ̀ pé ó ti ń tú. Bí katakata bá sì ń rákò nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dàlì, ẹ má wà á mọ́ títí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi tún àárín pẹ́dàlì náà, ibi tí ó yẹ kí katakata ti dúró, ṣe.

ỌgbàẸ̀fọ́, Texas

A ti fa ìlà funfun náà. Ó duro gírí, bẹ́ẹ̀ ni kò rákò. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi kó garawa ajílẹ̀ méjìlélógún láti orí òkìtì dé ìdí ebè tẹ̀tẹ̀, èmi dúró lẹ́bàá ọgbà mo ń kà á. Nígbà tí ó parí, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé bàtà òun kejì wá, kí òun fi dán pẹ́dàlì náà wò.